Ìṣúra Ogun Àdùbí Nínú Yàrá Ẹ̀yìn

                                        Ojúlé Kẹtàlá,
                                        Ẹ̀yìn Mọ́sáláṣí,
                                        Ìtọ̀kú, Abẹ́òkúta.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Harriet, Ìyá Ìlérí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. O kú ọjọ́ mẹ́ta. O kú ọyẹ́ tó ń kásẹ̀ nílẹ̀, o sì kú ooru tó ń wọlé bọ̀. Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé òróró tí mo fi rán ọmọ rẹ sí ọ ràn án lọ́wọ́, àbí o ṣì ń di ògiri mú kí o tó dìde? Ìlérí ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ìkókó tí ẹ ní ó ń hu eyín ńkọ́, ṣé ó ti jẹ́ kí ẹ sùn? Mo mọ̀ pé tó bá jẹ́ pé iwájú rẹ ni mo jókòó sí, o ti máa sọ pé, "Bùsírá, ìkíni yìí ti tó, sọ ohun tó gbé ọ wá." Má kánjú. Bí mo kí ọ díẹ̀, bí mo kí ọ púpọ̀, iye kan náà ni awakọ̀ tó ń ná Èkó ní gáréèjì Kútọ̀ máa gbà lọ́wọ́ mi láti gbé ìwé yìí wá fún ọ. Tó bá sì jẹ́ pé mo pè ọ́ lórí fóònù ni, káàdì á ti tán kí a tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ orúnkún, ìwọ náà á sì máa pariwo pé, "Kí lo wí? Kí lo wí?"

Ara mi le, a dúpẹ́. Bọ́tìnnì ń tà, òwú ń tà, síìpù ni kò tà bíi ti tẹ́lẹ̀. Haleemah ọmọ mi pè mí láti Sókótó ní ọjọ́ Jímọ̀, ó tún ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Mo ní ó ṣeun. Ọ̀rọ̀ ilé tí mò ń gbé yìí gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Nínú gbogbo àwọn tó kù láyé, ìwọ nìkan lo mọ yàrá ẹ̀yìn ilé wa dé ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé.

O rántí ìtàn tí gbogbo Ìtọ̀kú máa ń sọ nípa ilé wa. Wọ́n ní nígbà Ogun Àdùbí ní ọdún 1918, tí àwọn Ẹ̀gbá bínú nítorí owó-orí àti iṣẹ́ àfipáṣe tí ìjọba òyìnbó gbé lé wọn lórí, tí wọ́n hú irin rélùwéè ní ìhà Wásinmi, ọkọ̀ ojú irin kan ń gbé owó-orí lọ sí Èkó. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún pọ́n-ùn, ṣílè fàdákà ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní àwọn jagunjagun kó owó náà, ará ilé wa sì wà nínú wọn. Wọ́n ní ìyá tó bí Ìyá Àgbà ru àpótí kan wọ ilé wa ní ìrọ̀lẹ́, ó ń dán, orí ọba ìlú òyìnbó wà lára rẹ̀ bó ṣe wà lára owó. Ó gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn, kò sì sí ẹni tó tún fojú kàn án mọ́.

Ìwọ gan-an lo jí ṣíbí Ìyá Àgbà nígbà tí a wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí o fi ń wa ilẹ̀ yàrá náà títí ṣíbí fi tẹ̀ kọrọdọ. Ṣé o rántí ohun tí Ìyá Àgbà sọ? Kò nà wá. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ rọra o, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹni kan ń sùn níbẹ̀." A wo abẹ́ ẹní, a wo ẹ̀yìn ìkòkò, a ò rí ẹnikẹ́ni, la bá rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run wá. Jọ̀wọ́, fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Lẹ́yìn Iléyá ọdún tó kọjá, Mùs'áb àbúrò mi rí ọkùnrin kan nínú fóònù tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìṣúra tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá nígbà ogun. Ọkùnrin náà kò dárúkọ ilé wa, ṣùgbọ́n ohun tí Mùs'áb fẹ́ gbọ́ ni etí rẹ̀ gbọ́. Ó mú Yasir wá, ẹni tó tẹ̀ lé mi, tó jẹ́ àkọ́bí ọkùnrin bàbá wa. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá ní gbogbo Sátidé, àwọn, àwọn ìyàwó wọn, àti gbogbo ọmọ.

Harriet, ó yẹ kí o rí ilé yìí ní àwọn Sátidé yẹn. O mọ bó ṣe rí látìgbà tí mo ti padà sílé bàbá mi lẹ́yìn ikú ọkọ mi. Rédíò ni mo máa ń tàn sílẹ̀ kí n lè gbọ́ ohùn ènìyàn, èmi tí mo máa ń ka iye wákàtí tí bátìrì lè lò. Lójijì, bàtà kún ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ń sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyàwó Mùs'áb ń gé àlùbọ́sà, ó ń sunkún, ó sì ń bú àlùbọ́sà. Ìrẹsì kóńgò méjì ni mò ń sè. Ìwọ náà mọ̀ pé n kì í náwó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó wù mí kí n máa ná an. Yasir á tẹ́ ẹní sí yàrá ẹ̀yìn, á máa fi ọwọ́ kan ilẹ̀ bí ẹni ń yẹ ẹran wò lọ́jà, á ní, "Àǹtí, ibí yìí ni. Ara mi sọ fún mi." Èmi á ní, "Ara rẹ náà ló sọ fún ọ pé Lubabah máa fẹ́ ọ." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo wa la mọ ẹni tí Lubabah fẹ́ nígbẹ̀yìn.

Ní oṣù Kìíní ni eré di òótọ́. Mùs'áb háyà ẹ̀rọ kan tó máa ń ké bí irin bá wà nínú ilẹ̀. Ó gbé e káàkiri ilé, kò sọ nǹkankan. Nígbà tó dé igun yàrá ẹ̀yìn, lẹ́bàá ògiri, ẹ̀rọ náà ké bí ọmọ tuntun. Ìyàwó Yasir ki orin bọnu. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n pinnu pé wọ́n máa pe àwọn alágbàṣe, wọ́n máa gbẹ́ yàrá náà látòkè délẹ̀, ògiri àti ohun gbogbo, kí ààwẹ̀ tó wọlé.

Mo ní, "Ògiri amọ̀ ni. Bí ẹ bá gbẹ́ ìdí rẹ̀, kì í ṣe yàrá kan ló máa wó."

Mùs'áb ní, "Àǹtí, ilé alájà méjì la máa kọ́ fún yín."

"Bí owó kò bá jáde ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Yasir ní, "Ṣebí Haleemah wà ní Sókótó."

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé wọ́n ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi láìsí mi níbẹ̀. Sókótó, Harriet! Níbi tí n ò mọ ẹni tí mo lè bú tó máa bú mi padà.

Mo wá sọ fún ara mi pé bí ilé mi bá máa wó nítorí ìtàn, ó yẹ kí n mọ ìdí ìtàn náà. Ìṣirò ni mo kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni mo mọ̀. Ìyá Àgbà fi ṣílè kan sílẹ̀ fún mi, irú èyí tí wọ́n ń ná láyé ìgbà náà. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà, ó wọ̀n ọ́n fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ó lé díẹ̀ ní gíráàmù márùn-ún àti ààbọ̀. Ogún ṣílè ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún pọ́n-ùn jẹ́ ọ̀kẹ́ márùn-ún ṣílè, ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Ìwọ̀n rẹ̀ lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kílò. Mo gbé e síwájú wọn ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo ní, "Àpò sìmẹ́ńtì mọ́kànlá nìyẹn. Ẹ pe obìnrin tó lè ru àpò sìmẹ́ńtì mọ́kànlá láti Wásinmi wá kí n rí i."

Mùs'áb jẹ ẹran ẹnu rẹ̀ tán, ó ní, "Bóyá ó lọ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìṣirò kì í borí ìrètí.

Mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Adégbóyèga, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tí ẹ jọ wà ní ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì nígbà kan. Ó ní kí n kí ọ. Ó ní nínú gbogbo ohun tí òun ti kà nípa ogun náà, òun rí i pé wọ́n hú irin, wọ́n gé wáyà, wọ́n kó ọjà inú ìsọ̀ ẹ̀bá ojú irin, àwọn sójà sì yìnbọn pa ènìyàn púpọ̀. Ti ọkọ̀ tó gbé owó, òun kò kà á rí. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ohun tí n ò kà kọ́ ni ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ẹ ní abúlé níbẹ̀, àbí ẹ ò ní? Ẹ lọ bi wọ́n."

A ní abúlé, lóòótọ́. Bí gbogbo Ẹ̀gbá, ilé wa ní ẹsẹ̀ kan nílùú, ó ní ẹsẹ̀ kan lóko. Àmọ́ láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, kò sí ẹni tó tún dé oko náà. Mo wọkọ̀ dé Wásinmi, mo gun ọ̀kadà wọ inú. Ọlọ́kadà náà fẹ́ gba owó ènìyàn méjì lọ́wọ́ mi nítorí àpò búrẹ́dì tí mo gbé dání. Mo ní kó jẹ́ kí búrẹ́dì náà sọ̀kalẹ̀ kó wá fẹsẹ̀ rìn.

Ìyá arúgbó kan ni wọ́n júwe fún mi, Màmá Àlímátù. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Abẹ́ igi ọsàn ló jókòó sí, ó ń pa ẹ̀gúsí, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló ń ríran. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo dárúkọ ilé wa. Ó dáwọ́ dúró.

Ó ní, "Ilé Jùbrílù?"

Mo ní, "Màmá, ta ni Jùbrílù?"

Ó yí orí sí ibi tí ohùn mi ti wá. Ó ní, "Háà. Wọn kò sọ fún yín."

Jùbrílù ni ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà wa ọkùnrin, Harriet. Ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, kò tíì gbéyàwó. Oko ló wà nígbà tí ogun bẹ́, ó bá wọn hú irin, ìbọn sójà sì bà á. Ọwọ́ bàbá Màmá Àlímátù, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló kú sí. Wọn ò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, nítorí sójà wà lójú ọ̀nà, ẹni tó bá sì ní òun ló ni òkú, òun náà ni wọ́n máa ní ó ni ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n sin ín sábẹ́ igi ọsàn yẹn. Ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kó di ẹni tó sọnù sóko. Wọ́n ṣe ohun tí àwọn àgbà máa ń ṣe fún ẹni tó bá kú sójú ogun: wọ́n gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n dì í sínú aṣọ funfun, kí àwọn ará ilé lè rí i sin sínú ilé bàbá rẹ̀. Agolo bisikíìtì tí wọ́n kó nínú ìsọ̀ ẹ̀bá ojú irin ni wọ́n kó o sí. Orí ọba òyìnbó ni wọ́n yà sára agolo náà.

Màmá ní, "Ìyá rẹ̀ wá bí ẹni wá ra gàrí. Bàbá mi ní ó ru agolo yẹn lọ bí ẹni ru ẹyin. Kò sunkún. Bó bá sunkún, wọ́n á béèrè ẹni tó kú."

Mo ní, "Nígbà tí ogun parí ńkọ́? Kí ló dé tí wọn ò sọ?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta ni wọ́n fẹ́ sọ fún? Ìjọba, kí wọ́n wá mú wọn? Àbí àlùfáà, kó wá bi wọ́n léèrè irú ẹ̀sìn tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi ń sin irun? Wọ́n pa ẹnu mọ́. Ẹnu aráyé wá bá wọn sọ ọ́."

Ó fi ọwọ́ hàn mí ibi tí òkúta díẹ̀ wà nídìí igi. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n ti gbá a. Ó ní, "Bàbá mi ló ń gbá a. Nígbà tó kú, èmi ni mo ń gbá a. Gbogbo wa la rò pé ẹ máa wá kí i. A retí títí." Kò sọ ọ́ bí ẹni ń báni wí o, ó kàn sọ ọ́ ni. Mo gbé búrẹ́dì sílẹ̀ fún un.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí mò ń bọ̀, mo wá rántí omi. Ní gbogbo ọdún, kí ààwẹ̀ tó dé, Ìyá Àgbà máa ń ta omi tútù sílẹ̀ ní igun yàrá yẹn. Mo rò pé eruku ló ń pa. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ mo ń bá a lọ, ife kan, n kì í fi omi ṣòfò, nítorí eruku náà ni. Bí mo ṣe ń bu omi fún bàbá àgbà mi láti ọjọ́ yìí nìyẹn, tí n ò sì kí i.

Mo tún ṣe ìṣirò mìíràn nínú ọkọ̀ náà. Bí mo bá sọ ohun tí mo gbọ́, ilé mi á dúró, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ á sì tú ká. Bí n ò bá sọ, wọ́n á máa wá títí ògiri á fi wó, lẹ́yìn náà èmi náà á lọ. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, ibì kan náà ló ń já sí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo se ìrẹsì, mo wo àwọn ọmọ tí wọ́n ń jà sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, n ò sì lè la ẹnu.

Sátidé kejì ni àwọn alágbàṣe dé pẹ̀lú díígà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Yasir ní, "Àǹtí, ìtàn ìyá arúgbó nìyẹn. Ẹ̀rọ kì í parọ́."

Mo ní, "Ẹ̀rọ náà kò parọ́. Ẹ gbẹ́ ibi tó ti ké nìkan. Bó bá jẹ́ owó, ẹ wó ilé, n ó lọ sí Sókótó láì sọ ọ̀rọ̀ kan. Bó bá jẹ́ ohun tí mo sọ, ẹ fi ilé sílẹ̀ fún èmi àti òun."

Ó gbà. Ilẹ̀ náà kò jìn rárá. Díígà kan agolo, ó dún bí owó, Mùs'áb ké "Allahu Akbar!" Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ìpẹtà ti jẹ ẹ́, irùngbọ̀n ọba àti etí rẹ̀ kan ló kù lára rẹ̀. Yasir fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Aṣọ inú rẹ̀ ti dà bí ewé gbígbẹ. Ó tú u. Ó rí irun.

Yasir, tó jẹ́ pé òun ló máa ń sọ̀rọ̀ jù, ṣí fìlà lórí, ó ní, "Inna lillahi wa inna ilaihi raji'un." Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbọ̀n mí, Harriet. N ò mọ ibi tó ti wá. Mo sun ún bí ẹni pé àná ni wọ́n yìnbọn. Ẹkún tí ìyá rẹ̀ kò rí sun lójú ọ̀nà Wásinmi, ó ti wà nínú ilé yìí tó ń dúró de ẹni tó máa sun ún.

A dì í padà, a dá a padà, Yasir fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó. Wọ́n jẹun díẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò pariwo. Wọ́n tètè lọ.

Àná ni Sátidé. Mo se kóńgò méjì, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún mi pé àwọn kò ní wá. Mùs'áb pè mí lọ́sàn-án, ó ní mọ́tò òun ń ṣe bákan. Yasir ní a ó ríra lọ́dún. Mo gbé ìrẹsì náà fún àwọn ọmọ kéwú tó wà ní mọ́sáláṣí, kó má baà bàjẹ́. Mo fọ ìkòkò ńlá náà, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo fẹ́ tan rédíò, mo sì rántí pé ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ń wá ìsinmi. Mo pa á tì.

Mo ti gbé àga mi àti agbọ̀n bọ́tìnnì mi sí yàrá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mò ń kọ ìwé yìí. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, mo máa ń ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá." Kò tíì dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà láàyè tí kì í dá mi lóhùn.

Mo fẹ́ lọ kí i ní Wásinmi kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. N ò fẹ́ dá lọ. Bí orúnkún rẹ bá gbà, wá. Èmi ni n ó san owó ọkọ̀ rẹ àlọ àti àbọ̀, o sì mọ̀ pé n kì í sọ irú rẹ̀ fún ènìyàn. Sùn mọ́jú níbí kí a tó lọ, ẹní rẹ ṣì wà.

Bá mi kí Ìlérí, bá mi kí ọkọ rẹ̀, fi ẹnu ko ìkókó lẹ́nu fún mi. Sọ fún Ayọ̀dèjì ọmọ rẹ pé igò òróró tó gbé wá fún ọ, mo fẹ́ kó dá a padà fún mi bó bá ti ṣófo, igò tó dára ni.

Bí o bá dé, kò sí ìdí láti kan ilẹ̀kùn, ṣíṣí ló máa wà. Ṣùgbọ́n rọra wọlé o. Ẹni kan ń sùn níbẹ̀.

                                        Èmi tí àárò rẹ ń sọ,
                                        Bùsírátù.